Kì í ṣe gbogbo ìrora eegun ọ̀dọ́ ni làkúrègbé

Kì í ṣe ohun tuntun ní Mushin, Surulere àti Yaba kí ọ̀dọ́ tó sùn ní àlàáfíà jí lóru, kí ó máa ké pé apá àti ẹsẹ̀ ń ro òun bíi pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ eegun òun. Àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n á fi òróró pa á lára, wọ́n á ra oògùn ìrora. Bí ara bá ti rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, ó di ìgbà mìíràn. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Làkúrègbé tí àwọn àgbà mọ̀, oríkèé ara tó ti gbó ló sábà máa ń bá jà. Bí ìrora bá ń dé lójijì sí ọmọ ogún ọdún, tó ń lọ tó ń bọ̀, jínótáìpù rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń le, á sì tẹ̀ bíi dòjé. Á dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró pa, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà dé inú eegun. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Òtútù, òùngbẹ, ibà àti làálàá wà lára ohun tó ń fà á.

Àwọn òbí kan á ní, "Ọmọ wa ti dàgbà, bó bá jẹ́ SS, à bá ti mọ̀." Òótọ́ ni pé SS sábà máa ń fara hàn láti kékeré. Ṣùgbọ́n SC náà wà, kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá. Ẹlòmíràn tó jẹ́ SC lè dàgbà, kó wọ yunifásítì, kí ìrora ńlá àkọ́kọ́ tó dé. Àyẹ̀wò oréfèé kan sì wà tí kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SC. Nítorí náà, ẹni tí ìwé rẹ̀ ní AS ni òun, tí irú ìrora yìí sì ń dà láàmú, kó tún àyẹ̀wò ṣe níbòmíràn.

Irú àṣìṣe yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní 1904, akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín kan láti Grenada wọ ilé ìwòsàn ní Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Làkúrègbé wà lára orúkọ tí wọ́n pe àìsàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ló tú àṣírí, Dókítà James Herrick sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1910.

Síbẹ̀, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ okùnfà rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Bí ibà líle bá bá ìrora rìn, kòkòrò lè ti wọ eegun. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn ará Mainland kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Ní Ìdí-Àràbà, ní ọ̀kánkán LUTH, ni Sickle Cell Foundation Nigeria wà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju ṣíwájú dídá rẹ̀ sílẹ̀ ní 1994. Àwọn tó wà ní ìgbèríko ni ọ̀nà jìn fún. Ó yẹ kí ìjọba mú àyẹ̀wò jínótáìpù tó péye dé ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wọn. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n àrùn tí wọ́n ṣì orúkọ rẹ̀ pè, ta ni yóò rí i wò?