Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Ṣíṣáná sí Ọkọ̀ Àtijọ́ láti Òkèèrè

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, bí ìsìn òwúrọ̀ ti parí, ìyá kan nínú ìjọ wa mú fóònù rẹ̀ tọ̀ wá wá, ó ní kí a bá òun ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ òun kọ ránṣẹ́ láti Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ náà ra ọkọ̀ àtijọ́ kan, Toyota Corolla ti ọdún 1995, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, fún ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó sì ní láti jáde nílé ní agogo márùn-ún ìdájí. Ó fẹ́ so ohun èlò kan mọ́ ọkọ̀ náà tí ìyàwó yóò fi máa ti inú yàrá ṣáná sí i, kí ó lè ti móoru kí ó tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà ní owó pọ́ọ́kú ti sọ fún un pé a ó kàn tan wáyà kílọ́ọ̀ṣì jẹ ni, iṣẹ́ yóò sì parí ní wákàtí kan. Ìyá yìí kò mọ ohun tí kílọ́ọ̀ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtànjẹ náà ni ó dì mú. Ó bi wá pé, “Bàbá Kátíkíìsì, ta ni wọ́n fẹ́ tàn jẹ?”

Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. A wá ìwé ìtọ́ni irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kà, a sì lọ jókòó ti rìwáyà kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí ọjà náà tilẹ̀ wà ní òkè òkun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọmọ náà ní ọ̀lẹ. Òtútù Chicago kì í ṣe ti ọyẹ́ wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù January, ọdún 2019, òtútù ìlú náà lọ sí 23 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Fahrenheit, bẹ́ẹ̀ ni omi ti ń di yìnyín láti ìgbà tí ó bá ti wà ní 32 lókè òdo. Yìnyín a máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ bí àtè, ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ kò sì lè há a kúrò.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó lè ṣáná sí mọ́tò láìdúró níwájú rẹ̀. Irin kọrọdọ ni a ń kì bọ iwájú ọkọ̀, tí a sì ń fi agbára yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè dá ènìyàn lápá. Charles Kettering, ará Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ó ṣe sítátà oníná tí Cadillac fi sí ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912, tí awakọ̀ fi lè jókòó sórí àga kí ó tó jí ẹ́ńjìnnì. Ohun èlò tí à ń sọ yìí wá mú awakọ̀ kúrò lórí àga náà.

Iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe náà ni ó ń ṣe. Àpótí kékeré kan ni, a ó fi pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, a ó sì so ó mọ́ àwọn wáyà tí ó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ wá: èyí tí ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì, èyí tí ń fún ẹ́ńjìnnì níná, èyí tí ń fún fáànù níná, àti èyí tí ń pe sítátà. Bí a bá tẹ rìmóòtù, àpótí náà yóò fún wọn níná bí ó ti yẹ, yóò sì máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì kí ó lè mọ ìgbà tí ó jí. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 tí ẹnikẹ́ni kò wá, yóò pa á. Títí dé ibí, kò sí ohun tí ó le.

Ohun tí ó le ni pé ẹni tí ó jókòó sórí àga kì í ṣe ayíkọ́kọ́rọ́ nìkan. Ẹlẹ́rìí ni. Ó mọ̀ pé jíà wà ní fíríì, pé ẹnikẹ́ni kò ki ọwọ́ bọ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, pé ọmọ ọdún mẹ́ta kò ṣeré níwájú ọkọ̀. Nígbà tí a bá mú ẹlẹ́rìí yìí kúrò, a gbọ́dọ̀ fi òmíràn dípò rẹ̀. Ọkọ̀ òde òní tí a ti ilé-iṣẹ́ ṣe èyí mọ́ ní àwọn ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ju èyí tí ẹni tí ń so wáyà bá fi sí i lọ. Ẹni tí ó bá rántí òfin ìgbátí òrùlé nínú Deuteronomi orí 22 yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́: ẹni tí ó kọ́ ohun tí ó lè pa ẹlòmíràn ni yóò ná owó ìgbátí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fẹ́ tàn jẹ. Nínú irú ọkọ̀ yìí, sítátà kì í ṣiṣẹ́ àfi bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Rìmóòtù kò ní ẹsẹ̀. Nítorí náà, wọn a so wáyà kan tí yóò máa sọ pé a ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́rìí èké ni a gbà wọlé yẹn. Bí awakọ̀ bá ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú jíà kìíní, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sítátà yóò ti ọkọ̀ náà síwájú, ẹ́ńjìnnì lè jí kí ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò tẹ bíréékì.

Àwọn tí ó ṣe ohun èlò tí ó péye fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ro èyí ṣáájú. Bí awakọ̀ bá dé ilé, yóò fi jíà sí fíríì, yóò fa bíréékì ọwọ́, yóò tẹ rìmóòtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, yóò yọ kọ́kọ́rọ́, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ títí gbogbo ilẹ̀kùn yóò fi padé, kí àpótí náà tó pa á. Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ kankan lórí kílọ́ọ̀ṣì, jíà ní láti wà ní fíríì. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo bá ṣí, ẹ̀rí ti bàjẹ́, rìmóòtù kò sì ní lè jí ọkọ̀ náà mọ́ títí a óò fi tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. A ka ibi yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọgbọ́n rẹ̀ sì wù wá. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, wáyà gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti bíréékì ọwọ́, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan.

Wáyà kan tún gbọ́dọ̀ wà ní bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ńjìnnì má lè jí nígbà tí ó bá ṣí, nítorí ìka mẹkáníìkì. Òmíràn ní bíréékì, kí ọkọ̀ lè kú bí olè bá tẹ̀ ẹ́ láìní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ yí jíà kò bọ́ o: nínú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ mìíràn, irin ìdí kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó ń dí sítátà lọ́wọ́ nígbà tí jíà bá wọlé, rìmóòtù kò sì mọ irin yẹn rárá. Kí wọ́n dán an wò ní gbangba pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréékì àti bíréékì ọwọ́ ní fífà: bí sítátà bá yí nígbà tí jíà wà ní ipò ìrìn, kí a tú ohun èlò náà kúrò. Ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ kò tilẹ̀ yẹ fún un, nítorí òun a máa fẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ fún un ní epo kí ó tó jí nínú òtútù. Bátìrì tí ó ti gbó pẹ̀lú kò lè ṣe é, bí a bá fi rìmóòtù mẹ́wàá pè é.

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù lọ ni èéfín. Kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì tí ń ti sàlẹ́ńsà jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tí ó bá ń sùn kì í sì í mọ̀ nígbà tí ó bá dé. Àwa tí a mọ̀ nípa àwọn ìdílé tí ẹ̀rọ amúnáwá ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa mọ́jú kò nílò àlàyé. Rìmóòtù a máa la ògiri kọjá. Bí ó bá wà lápò tí a sì jókòó lé e, ọkọ̀ inú gáréèjì lè jí nígbà tí a ń gbàdúrà alẹ́. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ kò tó. Ìta gbangba ni kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa sùn, kí a sì máa gbá yìnyín kúrò ní ẹnu sàlẹ́ńsà, kí èéfín má bàa padà sínú ọkọ̀.

Gbogbo èyí ni a kọ ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó ti dáhùn. Ó ní òun ti dá ọkùnrin oníwákàtí-kan náà dúró, òun sì ti rí ẹlòmíràn tí yóò so gbogbo wáyà náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, nítorí náà ó di oṣù tí ń bọ̀. Títí di ìgbà náà, òun ni yóò máa jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ láti lọ ṣáná sí ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á fún un. Ó ní òun ni yóò san owó ẹ̀rọ kékeré tí ń ké nínú ilé bí èéfín náà bá wọlé, ó sì ń bi wá bí a ti ń fi owó ránṣẹ́ sí Chicago.