Inúnibíni Kì Í Ṣe Àmì Àìnígbàgbọ́

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún gbọ́ ọ níwájú Kàtídírà Saint-Paul ní Plateau, nílùú Abidjan. Ìyá kan, ọmọ Ẹ̀jìgbò bíi tèmi, jókòó sí ibòòji, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ síta, nítorí ó ní òun kò ní bá wọn ṣe orò ìdílé mọ́. Arákùnrin kan tó fi Bíbélì há abíyá wá ń sọ fún un pé: "Ìyá, ẹ yẹ ara yín wò. Ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá níbì kan. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé, ta ló máa fọwọ́ kàn án?"

Mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ, mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ èrò gbaka, mo ti gbọ́ ọ nílé òkú. Ó tó gẹ́ẹ́! Wọ́n ní ìyà tó ń jẹ ọ́ fi hàn pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré. Ata ni wọ́n ń fi sójú egbò, wọ́n wá ń pè é ní ìtùnú.

Jóòbù ńkọ́? Pọ́ọ̀lù tó kọ̀wé láti inú ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta tí wọ́n kó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Ìfọ́lé 1867 ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Cape Palmas ní Làìbéríà, wà lẹ́wọ̀n ní 1910 nígbà tó rí ìran tó sọ ọ́ di wòlíì. Ẹ gbọ́ o: inú ẹ̀wọ̀n ni ìpè náà ti bá a. Ní 1913, ó fẹsẹ̀ rin etíkun wọ Côte d'Ivoire pẹ̀lú aṣọ funfun, igbá omi, Bíbélì àti àgbélébùú. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ó ṣèrìbọmi fún èèyàn tó lé ní 100,000.

Kí ló gbà? Ní ìparí 1914, ìjọba Faransé lábẹ́ Gómìnà Angoulvant mú un, wọ́n nà án, wọ́n lé e padà sí Làìbéríà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń bá a kọrin kú látàrí ìyà yẹn. Wọ́n wó ilé àdúrà, wọ́n dáná sun òmíràn. Arákùnrin, ilẹ̀kùn wo ni Harris ṣí sílẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni obìnrin yẹn dá? Ẹ dá mi lóhùn!

Àwọn ará abúlé kò túká. Láìsí àlùfáà, wọ́n ń pàdé yí Bíbélì tí ọ̀pọ̀ wọn kò lè kà ká, fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí William Platt, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló bá tí wọ́n ń retí. Èmi ò mọ ìrètí mìíràn ju ìyẹn lọ. Ìjọ Àgùdà, Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Harris, gbogbo wọn ló kórè lóko tí Harris gbìn. Kó tó di pé Póòpù ya kàtídírà yìí sí mímọ́ ní 1985, ilé àdúrà tí wọ́n sun níná ti wà.

Inúnibíni máa ń dé bá ẹni tó gbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ ni kò jẹ́ kó sá. Èyí hàn kedere.

Ìyá yẹn kò nílò ẹni tí yóò wádìí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibi tí yóò sọ ẹrù rẹ̀ sí kí ilẹ̀ tó ṣú ló ń wá. Arákùnrin, ẹ gbé Bíbélì yẹn fún ẹlòmíràn mú, kí ẹ bá a gbé àpótí.