Ọmọ olówó tí kì í la ẹnu: bí ọ̀rọ̀ géèmù ṣe di ti ọlọ́pàá ní Japan

Ìwé kan wà nílẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní Hi Score Girl. Ìwé ìtàn aláwòrán ni, irú èyí táwọn ará ibẹ̀ ń pè ní manga. Rensuke Oshikiri ló kọ ọ́, òun náà ló ya àwọn àwòrán inú ẹ̀, 2010 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn kan tí ilé-iṣẹ́ Square Enix ń tẹ̀ fáwọn àgbàlagbà.

Ọdún 1991 ni ìtàn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀, nílùú Kawasaki. Ọdún yẹn gan-an ni géèmù Street Fighter II dé, táwọn ọmọ ń rọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ. Haruo Yaguchi kò mọ̀wé, kò lówó, kò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ilé géèmù, ọba ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹgba rí torí owó oúnjẹ tẹ́ ẹ kó lọ síbẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Níjọ́ kan, ẹnì kan jókòó sí òdì kejì ẹ̀rọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu Haruo bí ẹní lu bàrà. Nígbà tó máa yọjú wo ẹni tó sọ ọ́ di ọ̀pẹ́, àṣé Akira Ono ni, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ọmọ olówó rẹpẹtẹ! Zangief, oníjàkadì ará Rọ́ṣíà tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ló sì fi nà án.

Ono yìí kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe odi o, àmọ́ ẹ ò ní rí gbólóhùn kan tó ti ẹnu ẹ̀ jáde nínú ìwé náà. Ó lè sunkún, ó sì lè fọ́ Haruo létí, ìyẹn náà sì ń ṣe é dáadáa. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Moemi Goda wà nílé wọn tó ń fi ẹ̀kọ́ há a mọ́lé látàárọ̀ dalẹ́, ìdí ẹ̀rọ olówó ẹyọ yẹn nìkan ló ti ń rí ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọmọ mẹ̀kúnnù àtọmọ ọlọ́lá ṣe dọ̀rẹ́. Ìyá Haruo fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọ. Àfi bí wọ́n ṣe ní kó máa lọ sí Amẹ́ríkà. Haruo sáré lé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó fún un ní òrùka ìṣeré kan, ìyẹn náà sì bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́.

Àwọn àgbà ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Ní ìparí 2013, wọ́n kéde pé wọ́n máa sọ ìwé náà di fíìmù. Làwọn kan bá lọ bá ilé-iṣẹ́ SNK Playmore l'Osaka nípa fíìmù ọ̀hún, nítorí àwọn jagunjagun inú géèmù wọn wà nínú ìtàn náà. SNK ní ta ló fún wọn láṣẹ tẹ́lẹ̀? Wọ́n ní ó ju ọgọ́rùn-ún ibi lọ tí wọ́n ti lo ohun ìní àwọn. Ní August 2014, ọlọ́pàá Osaka ya wọ Square Enix, wọ́n tú ibẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọ́n kó ìwé kúrò lórí àtẹ, ìtàn dúró gbọnrangandan. Square Enix náà pẹjọ́ ta ko SNK l'October. Nígbà tó di November, èèyàn mẹ́rìndínlógún lọ́lọ́pàá fà lé agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́, Oshikiri sì wà lára wọn.

Èmi ò ní gbè sẹ́yìn Square Enix o. Géèmù làwọn náà ń tà, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ mú Final Fantasy wọn lò láìgbàṣẹ, ẹ máa rí lọ́yà! Oshikiri ló ká mi lára. Ọdún 1979 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún méjìlá lòun náà ní 1991, ìgbà èwe ẹ̀ ló ń yà. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀wé ni láti gba àṣẹ, kí ló wá dé tórúkọ ayàwòrán fi dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba? Ọjà SNK ló sì ń pọ́n nínú ìwé ọ̀hún.

Ní August 2015, wọ́n yanjú ẹ̀ ní ìtùbí ìnùbí, kálukú fa ẹjọ́ tiẹ̀ yọ. July 2016 ni ìtàn tún bẹ̀rẹ̀, fíìmù jáde ní 2018, àwọn jagunjagun SNK sì wà níbẹ̀ digbí. Ilé géèmù ni kò rọ́nà lọ: ní 1986, wọ́n lé ní 26,000 ní Japan, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 2019, nǹkan bíi 4,000 ló kù.

Ohun kan tí mi ò tíì sọ ni pé Ono padà dé láti Amẹ́ríkà, ó bá ọmọbìnrin mìíràn, Koharu Hidaka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haruo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí Haruo mú nínú àwọn méjèèjì, kó wá apá kẹwàá ìwé náà kà.