Ẹ Bá Wa Wá Orúkọ Àwọn Bàbá Wa

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti Mínísítà fún Ètò Ààbò,

Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó lọ ja ogun Hitler ní Bọ́mà ni àwa obìnrin tí à ń kọ̀wé yìí. Òkè-Àdó n'Ìbàdàn la ti ń ṣèpàdé ẹgbẹ́ wa. Rẹ́jístà kan ṣoṣo la ní: orúkọ ẹni tó wọ ẹgbẹ́, orúkọ sójà tó bí i, àti ẹ̀rí tó mú wá.

Ẹ̀rí yìí ló ń dùn wá. Ẹnì kan gbé agolo bisikíìtì wá. Mẹ́dàlì Burma Star wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé owó-oṣù tí ikán ti jẹ. Nínú nọ́ńbà ológun bàbá rẹ̀, mẹ́ta péré ló ṣeé kà. Ìyá àgbà wa kan kò tilẹ̀ ní ìwé kankan. Oyún rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, bàbá náà kò sì padà. A fi àyè orúkọ bàbá náà sílẹ̀ nínú rẹ́jístà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún mú un le. Àwọn akọ̀wé RWAFF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, a máa fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá fún ọ̀pọ̀ sójà. Ẹni tó ń jẹ́ Lásísì á di Lasisi Ibadan. Lásísì mélòó ló wà n'Ìbàdàn?

Ọdún 1943 ni wọ́n dá Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, àwọn ọmọ Áfíríkà yìí wà lára àwọn tó gba ìlú Myohaung ní Bọ́mà lọ́wọ́ àwọn ará Japan. Bárékè kan ní Yábàá ṣì ń jẹ́ orúkọ ìlú náà. Isaac Fádóyèbò, ọmọ Emùré-Ilé, fara gbọta ní Bọ́mà ní 1944. Àwọn ará abúlé fi í pamọ́, ó yè, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá tiwa kò mọ̀wé láti kọ tiwọn.

Owó kọ́ la wá tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ ológun àti National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn yẹ àkójọ ìwé wọn wò, kí wọ́n ya ìwé orúkọ sójà tó bá wà níbẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí a lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá wà ní London, kí Ìjọba Àpapọ̀ bá wa béèrè. Ìwé owó tí wọ́n ń san fún ará ilé sójà jẹ wá lógún jù, nítorí ibẹ̀ la ti lè rí orúkọ àwọn ìyá wa. Òfin Òmìnira Ìròyìn (FOI) ti 2011 fún wa láyè láti béèrè, ṣùgbọ́n ta la fẹ́ béèrè ìwé tí a kò mọ ibi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ẹ máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní ìrántí àwọn ológun. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wa tí kò ní ìwé kankan yẹn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú ewé kìíní rẹ́jístà wa ni àyè bàbá rẹ̀ wà. Ẹ dákun, ẹ bá wa wá orúkọ náà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì lè kà á.