Kọ̀ǹpútà Kékeré Lẹ́yìn Tẹlifíṣàn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ẹ fi àwọn àwo VCD fíìmù Yorùbá inú ilé yín ṣe? Àwo kan kì í gbà ju nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú lọ, abájọ tí fíìmù kan fi sábà máa ń ju àwo kan lọ. Eruku àti ooru ti ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń ká wọn pẹ̀lú ti ń di àwátì.

Lójú tèmi, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kékeré ni ó yẹ kí ó gba ipò ẹ̀rọ náà. Èbúté Àpápá ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé, Ajégúnlẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ tàn án wò níwájú ẹni tí ó ń tà á. Okùn HDMI ni ẹ ó fi so ó mọ́ tẹlifíṣàn. VLC àti Kodi, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. (XBMC ni Kodi ń jẹ́ títí di ọdún 2014.)

Àwọn kan yóò ní fóònù ti tó. N kò gbà. Fóònù kì í kó ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ jọ. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí Yorùbá, Ìjọ, Urhobo àti Ìgbò ti ń fi Pidgin bára wọn sọ̀rọ̀, níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá bíi ti inú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, bí kò bá sí ní pálọ̀?

Ti iná ńkọ́? Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 10 sí 30. Ìnífátà kékeré lè gbé e. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ nítorí fíìmù?

Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì pamọ́ o, nítorí háàdì díìsìkì náà máa ń kú.