"Ó já" kì í ṣe "break": ẹ jẹ́ ká kọ èdè ìdí ẹ̀rọ bébà sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìwé la sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Orí bébà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń gbé: ìwé ìtàn, ewì, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìdánwò. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè ṣàlàyé bí bébà ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, àfìgbà tí ọ̀kan nínú wa lọ wáṣẹ́ ṣe ní ọlidé tó kọjá.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń sọ àlòkù bébà di tíṣù ló lọ. Ní ọjọ́ kẹta tó débẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan pariwo pé "Break!" Inú ọmọ wa dùn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní àsìkò oúnjẹ ti tó, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá lọ síbi tí àpò rẹ̀ wà. Kò tíì rìn dé ìdajì tí bàbá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà fi fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò gbọ́ ni? Ó já! Kúrò níbẹ̀!"

"Ó já" yẹn ló yé e. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sinmi. Bébà ló já lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì ti ń múra láti fi ọwọ́ fa òmíràn wọlé. Ibi tó fẹ́ gbà kọjá gan-an ni bébà fẹ́ gbà, rólà sì ń yí lọ ní tirẹ̀.

Nígbà tó sọ ìtàn yìí fún wa, a kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la dákẹ́. Ìdí tá a fi dákẹ́ la fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí á tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á po fọ́nrán igi tàbí àlòkù bébà mọ́ omi títí á fi ṣàn bí omi lásán. Nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, omi ju 99 lọ. Wọ́n á dà á sórí asẹ́ gígùn kan tó ń sáré yípo. Omi á ro, fọ́nrán á kù sókè, á sì so mọ́ra wọn. Ohun tó kù yẹn ti ń jọ bébà, ṣùgbọ́n omi ṣì lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Á kọjá sáàárín àwọn rólà tó ń fún un, bí a ṣe ń fún gbáàgúdá kó tó di gàrí. Lẹ́yìn èyí, á máa rá pálá gba ara àwọn ìlù irin ńláńlá tí ooru gbígbóná wà nínú wọn kọjá. Ẹ̀rọ bébà ìwé máa ń ní ọ̀pọ̀ irú ìlù bẹ́ẹ̀. Ti tíṣù sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan tó tóbi gan-an. Ní ìparí, á gbẹ, wọ́n á sì ká a bí ẹní.

Ìbéèrè wá nìyí: ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí lẹ́yìn tí bébà bá já, báwo ni wọ́n ṣe ń mú un gba gbogbo kọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn? Bébà náà lè fẹ̀ ju yàrá ìgbọ́wèé wa lọ. Ó ṣì tutù, kò lágbára. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo ìbú rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, á fàya, á sì di òkìtì.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gé ìrù fún un. Omi tó ń tú jáde láti ojú ihò kékeré pẹ̀lú agbára ló ń gé e lórí asẹ́, bí ọ̀bẹ. Á la bébà náà sí méjì: tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí, tí kò ju ìbú ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ, àti èyí tó fẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí èyí tó fẹ̀ já bọ́ sínú kòtò, kí wọ́n lè tún un pò. Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà ń pè ní ìrù, ni wọ́n á kọ́kọ́ mú gba ẹ̀rọ kọjá láti rólà dé rólà. Tó bá ti dé ìparí láìjá, wọ́n á máa ti ẹnu omi yẹn lọ sí òdìkejì díẹ̀díẹ̀. Ìrù á máa fẹ̀ sí i, títí gbogbo ìbú bébà á fi wọlé. Bí ìyá wa ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ló rí: ṣóńṣó rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé.

Lórí àwọn ẹ̀rọ ńlá, okùn méjì tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló máa ń há ìrù náà mọ́ àárín, tí wọ́n á sì fà á gba ara àwọn ìlù gbígbóná kọjá. Níbòmíràn, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ síwájú. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ọwọ́ èèyàn ṣì ń ṣe nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ibi tí rólà méjì bá ti ń yí wọnú ara wọn, ohun tó bá gbé mì kì í pọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ bébà ìwé ìròyìn tó yá lè sáré ju mítà 1,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí pápá bọ́ọ̀lù bá gùn tó mítà 100, bébà náà á fi ìṣẹ́jú àáyá 4 rìn ín láti ojú ilé kan dé èkejì. Àwọn ẹ̀rọ tíṣù kéékèèké kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé ọwọ́ mì kí èèyàn tó fà á sẹ́yìn.

Iṣẹ́ yìí kò sí láyé àtijọ́. Ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe nígbà náà. Louis-Nicolas Robert, ará Faransé, ló gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1799 fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń ṣe bébà lọ gbọọrọ láìdúró. Nígbà tó di 1803, Bryan Donkin ti mú un ṣiṣẹ́ ní Frogmore, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ará ilé Fourdrinier tí ẹ̀rọ náà ń jẹ́ orúkọ wọn títí dòní. Ṣùgbọ́n bébà tútù ni wọ́n ṣì ń gé, tí wọ́n á lọ sá. Ìgbà tí Thomas Bonsor Crompton gba ìwé àṣẹ fún ìlù gbígbóná tó ń gbẹ bébà ní 1820 ni bébà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín irin gbígbóná kọjá láìdúró. Láti ìgbà náà ni ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó máa mú ẹnu rẹ̀ wọlé.

Òfin náà mọ̀ pé iṣẹ́ yìí léwu. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà OSHA fún ilé-iṣẹ́ bébà sọ pé bẹ́líìtì, okùn, afẹ́fẹ́ tàbí ohun mìíràn tó gbéṣẹ́ bákan náà ni kí wọ́n máa fi mú bébà wọ ẹnu àwọn rólà kan. Ní Nàìjíríà tiwa, òfin Factories Act ti 1987 kò gbà kí wọ́n fi ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ tó lè ṣe é léṣe, àfi tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ewu ibẹ̀ àti bó ṣe máa ṣọ́ra fún un ní kíkún.

Ní kíkún! Ọ̀rọ̀ yẹn ló kàn wá. Ní èdè wo ni àlàyé náà máa gbà kún?

A dán nǹkan kan wò nínú kíláàsì. A kọ ìkìlọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí nip, thread, tail àti break wà nínú rẹ̀. A wá ń wo ìtumọ̀ wọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde nìyí: "Má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wà níbi jíjá léèékánná nígbà tí o bá ń fi òwú sí ìrù lẹ́yìn ìsinmi." Ẹ̀rín pa wá. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá fún ní irú ìwé yẹn lẹ́yìn tó ti jókòó sídìí rólà kò ní rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá yẹn ṣe, tí kò ka ìwé gírámà kankan. Èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní break. Àwo ń fọ́, igi ń dá, ògiri ń wó, okùn ń já. Bébà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìwé ọwọ́ wa ni, a ó ní ó ya. Bàbá kò ní "ó ya." Ó ní "ó já." Lójú ẹni tó ti ń ṣọ́ ọ lórí ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́, bébà tó ń sáré yẹn kì í ṣe ewé mọ́, okùn ni. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn sọ pé bébà ni, pé ó ń lọ lọ́wọ́, pé ó ti pín, pé kì í ṣe ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ gé e. "Gé" ni ti ìrù. "Já" ni ti àgbákò. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ "Ó já!" tó máa lọ mú abọ́ oúnjẹ.

Ìdí nìyí tá a fi ń sọ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ ìdí ẹ̀rọ ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sì wà lára àwọn tó máa kọ ọ́. Àwọn ọ̀gá wa ti ṣe tiwọn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe tẹ̀ lé e ní 1990. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn la fi ń fi Yorùbá kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìdí ẹ̀rọ ṣì ń dúró de tirẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ máa ní àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pè é ní "téèlì" àti "rólà," kí la tún fẹ́ dá sílẹ̀? A ò bá téèlì jà. Tí téèlì bá ni wọ́n gbọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Gbólóhùn ni: kí lo máa kọ́kọ́ ṣe, kí lo ò gbọdọ̀ ṣe, ta ni kó o gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ tún lè ní ilé-iṣẹ́ bébà dà? Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ dá ti Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku Iboku sílẹ̀ kí bébà tiwa lè wà, òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ bébà ìtẹ̀wé wa ṣì ti ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe tíṣù àti páálí wà nítòsí wa, ọjọ́ orí wa sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn.

Ẹ lè ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí owó rẹ̀ bá wà. Níbi tí kò bá sí, ìka èèyàn ló ń ṣe é.

Àbá wa rèé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin tó bá fẹ́ lè lo iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ láti lọ gbọ́ èdè ìdí ẹ̀rọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sọ ọ́ di ojú ìwé kan ṣoṣo, kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sì tún un ṣe kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwa ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọ̀rẹ́ wa gbọ́ lẹ́nu bàbá yẹn:

1. Tí o bá gbọ́ "Ó já!", jìnnà sí rólà. Kì í ṣe àsìkò ìsinmi.
2. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ. Ohùn rẹ̀ ni kí o tẹ̀ lé.
3. Ìrù ni kí o kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ. Má ki gbogbo ara bébà bọ̀ ọ́.
4. Ibi tí rólà méjì ti ń wọnú ara wọn, ẹnu ẹkùn ni. Má nawọ́ síbẹ̀.
5. Tí bébà bá wé mọ́ rólà, má fi ọwọ́ já a. Kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró ná.
6. Bọ́ òrùka. Má wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Kò tíì pé, a sì mọ̀ pé àṣìṣe lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ wà ní ilé-iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe. Ẹ bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè bí wọ́n ṣe ń pè é, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá tàbí Ìgbómìnà. Àwọn àgbà ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo yìí la fi ṣe abẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ wa ti padà sí kíláàsì pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bàbá tó fa aṣọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ tuntun sì ń dé sọ́dọ̀ rẹ̀.