Ta ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn tí gómìnà bá ti lọ?

Ẹni tó bá gbéra ní Àrámọ̀kọ tó forí lé apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò ní rìn jìnnà kí òkè tó yí i ká. Àárín àwọn òkè yìí ni àwa ará Ìdó-Ilé ń gbé. Ìkògòsì kò jìnnà sí wa, níbi tí omi tútù àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n á fi pàdé. Ní Ìpólé-Ìlórò, omi Àrìnta ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Òkè-Ìmẹ̀sí ni ìlú Fábùnmi, akọni ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ibojì Àpóstélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti sùn nínú Olúwa ní 1959. Ẹni tó bá sọdá sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun á bá omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀. Ohun tó kù fún ìjọba ni ìtọ́jú, ibẹ̀ gan-an la sì ti ń kùnà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí kò gùn: ẹni tí ìjọba bá fi ṣe olórí àjọ tó ń bójú tó ọgbà àti ibùdó ìgbafẹ́, ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni kí a fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Kí a má wo iye ìgbà tí wọ́n gé ríbọ́n lójú rẹ̀, kí a má sì wo iye fọ́tò tó yà pẹ̀lú àlejò láti Èkó àti Àbújá.

Ẹ wo Ìkògòsì. Omi òjò ló ń wọnú àpáta tó ti sán, tó ń lọ jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí ooru inú ilẹ̀ ń mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, tó sì tún ń gba ojú àpáta jáde. Kò sí ìjọba tó dá a. Ní àwọn ọdún 1950, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Amẹ́ríkà, John McGee ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, sọ ibẹ̀ di àgọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí tún ibẹ̀ ṣe láàárín 2010 sí 2014. Nígbà tí Fáyẹmí yìí kan náà padà sórí àga ní 2018, iṣẹ́ àtúnṣe ló tún ń dúró dè é, ìjọba rẹ̀ sì fa ibùdó náà lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Omi kò yí padà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ohun tí ọwọ́ èèyàn kọ́ ló ń fẹ́ ọwọ́ èèyàn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Gómìnà Abíọ́dún Oyèbánjí, ọmọ bíbí Ìkògòsì ni. Akọ̀ròyìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí ìrìn-àjò afẹ́ nínú ìwé ìròyìn Tribune, Wale Ojo-Lanre, ló sì fi ṣe ọ̀gá àgbà fún àjọ ìdàgbàsókè ìrìn-àjò afẹ́ Èkìtì. Ó dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n gómìnà kan kò ní í wà lórí àga títí láé. Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn á dé láti Ìkéré tàbí láti Ìkọ̀lé, tí kò fi ẹsẹ̀ kékeré wẹ̀ nínú omi yìí rí. Bí ìtọ́jú Ìkògòsì àti Àrìnta bá rọ̀ mọ́ ìlú tí wọ́n ti bí gómìnà, a ò tíì ní nǹkan kan. Òfin àti owó tí a yà sọ́tọ̀ ló lè dúró nígbà tí ènìyàn bá lọ.

Kí ni iṣẹ́ olórí irú àjọ bẹ́ẹ̀ gan-an? Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí àwọn tó wá ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀ bá ti lọ, ta ló ń ṣa ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kúrò létí odò? Àtẹ̀gùn tó bá ti ń yọ̀, tó lè gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣubú, ta ló ń fọ̀ ọ́? Omi lè pọ̀ lójijì lórí àpáta nígbà òjò: ta ló ní àṣẹ láti sọ fún àlejò tó ti sanwó ní géètì pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kò sí wíwẹ̀ lónìí”? Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lókè, ṣé ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì wà nítòsí, àbí ọ̀kadà ni wọ́n á fi gbé e sáré káàkiri? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà tí ìyá àgbà lè wọ̀ kó má ti ibẹ̀ kó àrùn? Ṣé akọ̀wé wà tó ń kọ iye àwọn tó wọlé àti iye owó tó wọlé, kí a lè bi í ní ìparí oṣù?

Iṣẹ́ náà kò sì parí sí ìdí omi. Orí òkè ni omi ti ń wá. Bí wọ́n bá gé igi orí òkè tán, òjò tó bá rọ̀ kò ní dúró wọlẹ̀ mọ́, yóò kàn fọ erùpẹ̀ lọ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó yẹ kó máa ké lórí àpáta á wá máa ro tótó. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná tí àwọn ọdẹ tàbí àgbẹ̀ bá sọ sígbó nígbà ọyẹ́. Olórí àjọ tó mọṣẹ́ kò ní dúró de èéfín. Kí ọyẹ́ tó dé ni yóò ti pe àwọn ọdẹ jọ, tí wọ́n á ro etí igbó káàkiri, tí wọ́n á sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ibi kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mọ òkè Ẹ̀fọ̀n tó ọdẹ. Ó yẹ kí ìjọba gba àwọn kan nínú wọn síṣẹ́ olùṣọ́ àti amọ̀nà, kí wọ́n máa gba owó oṣù.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí kọ́ ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ìnira. Ọdún 1872 ni Amẹ́ríkà ya Yellowstone sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n 1916 ni wọ́n tó dá àjọ kan sílẹ̀ fún gbogbo ọgbà orílẹ̀-èdè wọn. Láàárín ìgbà yẹn, sójà ni wọ́n fi ṣọ́ Yellowstone fún ọ̀pọ̀ ọdún. Stephen Mather, ọ̀gá àkọ́kọ́ àjọ náà, ló kó àwọn olùṣọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́ jọ. Lọ́dọ̀ tiwa, Kainji di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1979, Ọ̀yọ́-Ilé sì tẹ̀ lé e ní 1991, àwọn olùṣọ́ ìjọba àpapọ̀ sì wà níbẹ̀. Èkó dá àjọ LASPARK sílẹ̀ nígbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, ọgbà àti igi nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìbàdàn ní tirẹ̀ fi ojú rí ohun tí àìtètè tọ́jú ń fà: ìkún omi Ògùnpa ba ọgbà Agodi jẹ́ ní 1980, ìgbà ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bí ni wọ́n tó tún un ṣe tó sì padà di ibi tí ẹbí lè jókòó sí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìkún omi náà ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn.

Àwọn kan á ní kí n fi gómìnà sílẹ̀, owó ni kò sí. Ẹ jẹ́ ká wo inú òfin. Àtẹ Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Níbi tó ti sọ̀rọ̀ títì, gọ́tà àti iná ojú pópó, ó dárúkọ ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede ìlú pẹ̀lú wọn. Nítorí náà, káńsù tó wà ní Àrámọ̀kọ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà má dì í mú mọ́. Ó yẹ kí àwa ará ìlú máa bi alága káńsù léèrè pé: nínú ètò ìṣúná ọdún yìí, èló ni ẹ kọ sílẹ̀ fún ọgbà àti gbàgede?

Mi ò gbàgbé pé ebi ń pa èèyàn, pé ọ̀nà oko kò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àlejò ń gbà lọ sí Ìpólé-Ìlórò, òun náà ni àgbẹ̀ fi ń kó kòkó àti iṣu rẹ̀ jáde. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu géètì, gbogbo wọn ló ń ti ibẹ̀ jẹun bí ibẹ̀ bá mọ́ tónítóní. Orílẹ̀-èdè Rwanda mọ èyí. Láti 2005 ni wọ́n ti ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé ní ọgbà orílẹ̀-èdè wọn fún àwọn abúlé tó yí i ká, wọ́n sì sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá ní 2017. Ará abúlé tó mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun ti ibẹ̀ wá kò ní wo ẹni tó ń gé igi lóru níran. Àwọn baba wa náà ti fi èèwọ̀ ṣọ́ odò àti igbó kí ìjọba tó dé. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ipò wọn, kí ó fún àwọn ọmọ wọn nípìn-ín.

Ohun tó tún ń dùn mí jù lọ ni ti àwọn ọmọ wa. Ẹni tó ń gbé etí odò kò gbọdọ̀ máa fi itọ́ ṣanwọ́, síbẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà láyìíká wa tí wọn kò tíì dé Ìkògòsì rí, nítorí owó mọ́tò àti owó ìwọlé. Ní 2015, ìjọba Obama bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fún gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin ní Amẹ́ríkà ní àǹfààní láti wọ ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún odidi ọdún kan, òun àti ẹbí rẹ̀. A lè ṣe é níbí. Kí gbogbo ọmọ Pírámárì Kẹrin ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì wọ Ìkògòsì àti Àrìnta lọ́fẹ̀ẹ́, kí káńsù pèsè ọkọ̀, kí olùkọ́ fi àpáta àti omi kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìtàn. Ọmọ tí a bá mú débẹ̀ lónìí ni yóò dìde gbèjà ibẹ̀ lọ́la.

Nítorí náà, mo ń bẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Adó-Èkìtì, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú: ẹ ṣe òfin tó ya owó ìtọ́jú ọgbà àti ibùdó ìgbafẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó kíkọ́ tuntun. Ẹ fún olórí àjọ náà ní sáà tí kò ní í parí lọ́jọ́ tí gómìnà bá yí padà. Ẹ kọ ìpín àwọn ìlú tó ni ilẹ̀ sínú òfin náà. Kí àjọ náà máa gbé ìwé ìṣirò owó rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì Ìkògòsì àti Àrìnta, níbi tí ìyá oníbọ̀ọ̀lì àti ọ̀jọ̀gbọ́n yóò ti jọ rí i. Ẹni tó bá gba ipò yẹn lẹ́yìn èyí, a ó mọ ohun tí a fẹ́ bi í.